Àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá Àtàndá Nígbà Ọyẹ́

"Mà, ìgbà wo lẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá yín gbẹ̀yìn?"

Ìbéèrè tí Nọ́ọ̀sì Maimunat bi Ọmọ́yẹlé nìyẹn, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajangbadi, lójú gbogbo àwọn tó jókòó tí wọ́n ń wúkọ́. Ta ní í gbé ẹsẹ̀ baba rẹ̀ sókè wò? Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí baba láàárọ̀, òkè ẹsẹ̀ ló ń rí, kì í rí abẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kí ni Ọmọ́yẹlé kò ṣe láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé? Ọyẹ́ ọdún yìí kò wá bí àlejò, bí onílé ló wọlé. Eruku bo òrùlé, ètè ọmọdé ń bẹ́, òtútù òwúrọ̀ ń wọ eegun. Bàbá Àtàndá sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyànà Ìbà ló ti ń lẹ táyà ọkọ̀ kí ìtọ̀ ṣúgà tó ní kó wá jókòó sílé. Ọmọ́yẹlé, tó ń ránṣọ níwájú ilé, ra súẹ́tà fún un. Ó ń po ògì gbígbóná fún un láìfi ṣúgà sí i. Ó ń fi aṣọ tútù nu eruku ojú fèrèsé kí ikọ́ má baà mú un. Ní ìrọ̀lẹ́, á bu omi gbígbóná sínú abọ́, á da iyọ̀ sí i, á ní kí Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Yẹlé, omi yìí tutù."

"Bàbá, ó gbóná o."

"Ṣé ìwọ lo ni ẹsẹ̀ ni? Mo ní ó tutù. Bù sí i."

Ó bù sí i. Bí àgbà bá ní omi tutù, ta ni ọmọ tí yóò ní ó gbóná?

Kò mọ̀ pé ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ náà. Omi ń bó Bàbá, Bàbá kò mọ̀. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ sùtánà funfun rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé nínú ìjọ tiwọn, ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Gìgísẹ̀ tí ọyẹ́ ti là, ìléròrò tó ti bẹ́, iyanrìn ojú títì wọ gbogbo rẹ̀. Òórùn ni Ọmọ́yẹlé kọ́kọ́ gbọ́. Ó rò pé eku ló kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ Bàbá ló ń rùn, ó mú un wá sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì fọ egbò náà tán, ó fa Ọmọ́yẹlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mà, omi tí ẹ fi ń tọ́jú wọn ló bó wọn. Ẹ má rẹ ẹsẹ̀ wọn sómi mọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ. Ìgúnpá ara yín ni kẹ́ ẹ fi tọ́ omi wò, ẹ má gba ẹnu Bàbá gbọ́. Wọn ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá tún wọ ibí yìí, gígé ni wọ́n máa gé e."

Ọmọ́yẹlé gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Kò sọ fún Bàbá pé òun lòun bó o. Gígé yẹn nìkan ló sọ.

"Wọn ò ní gé nǹkan kan," ni Bàbá wí. "Ìsinmi àkọ́kọ́ ọdún ń bọ̀, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Alàgbà Àlàbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ, wá kí i.

"Àtàndá, ṣé ẹsẹ̀ kan lo fẹ́ fi jó wọ ọ̀run ni?"

"Ìwọ tó o ní méjèèjì, ìgbà wo lo jó rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá wọn dúró. Àlàbá wá rọra sọ̀rọ̀.

"Jókòó sílé. Ọlọ́run mọ̀ pé ara rẹ ò yá."

"Àlàbá, mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Nígbà tí gìrì fẹ́ gba Ọmọ́yẹlé lọ́wọ́ mi, mo ní bó bá yè, gbogbo Ìsinmi àkọ́kọ́ ọdún ni n óò máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ilé dé iwájú pẹpẹ. N ò jẹ gbèsè rẹ̀ rí."

Láti ẹnu ọ̀nà ni Ọmọ́yẹlé ti gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Nígbà tí Ìsinmi náà mọ́, Bàbá ti wọ sùtánà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́sẹ̀. Ọmọ́yẹlé kúnlẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

"Kúrò lọ́nà, Yẹlé."

"Bàbá, n ò kúrò."

"Ìwọ? Ọ̀nà ilé Ọlọ́run lò ń dí mọ́ mi?"

"Ẹ̀mí tí ẹ torí ẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ ló ń bẹ̀ yín yìí. Bàbá, omi tí mo bù sí i yẹn, òun ló bó yín. Èmi ni. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ yìí, ojú wo ni n óò fi máa wò yín?"

Bàbá wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sùtánà, ó ká a, ó tì í sí Ọmọ́yẹlé.

"Gbé e pamọ́."

Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, ó kọjú sí ògiri.

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, egbò náà ti ń gbẹ, Nọ́ọ̀sì Maimunat sì ní wọn ò ní gé ẹsẹ̀ náà mọ́. Àwọn ará ìjọ ń wá bá wọn yọ̀. Bí wọ́n bá ti dúpẹ́ tán, Bàbá Àtàndá á fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Ẹsẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n mo jẹ Olúwa ní gbèsè ọdún yìí, n ò sì mọ ohun tí n óò fi san án."