Ìwé Aláago Tí Wọ́n Fi Pọ́n Ẹ̀pà Ní Òkè Àrin

Ọmọ-ọmọ mi kan mú mi lọ sí sinimá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ló san fún tíkẹ́ẹ̀tì èmi nìkan! Gúgúrú inú páálí tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí owó rẹ̀ tó ti tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tiwa, àádọ́ta kọ́bọ̀ la fi ń wọ sinimá ní Èkó. Ìwé ńkọ́? Ìwé tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lónìí, kọ́bọ̀ mẹ́wàá la fi ń ra irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kì í sábà ní ẹ̀yìn. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Mo jókòó sínú òkùnkùn sinimá yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lára, mi ò lè sọ ohun tí fíìmù náà dá lé lórí. Ràájí ni mò ń rò. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àárín àwọn ọdún 1970 yẹn.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wá. Ràájí jẹ́ tíṣà, ilé bàbá rẹ̀ wà ní Olówógbowó. Súlè ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù. Èmi ò tíì pẹ́ tí mo jáde yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Súlè sì sọ mí ní Yunifásítì. Bí mo bá ti fẹ́ lanu báyìí, á pariwo, "Ẹ dákẹ́ o, Yunifásítì fẹ́ sọ̀rọ̀! Ẹ sáré gbé díkíṣọ́nárì wá!"

Tí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, iwájú ilé Ràájí la máa ń pàdé, lórí bẹ́ńṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Kálukú gbọ́dọ̀ mú ìwé kan tàbí fíìmù kan wá, kó sọ ọ́ fún àwọn yòókù, kó sì gbèjà rẹ̀. Irú èyí tó bá wù ẹ́ ni. Súlè ló ni fíìmù: ti Íńdíà, ti Ṣáínà, ti kọ́bọ̀ì. Bó bá ń sọ ti kọ́bọ̀ì, á gun bẹ́ńṣì wa bí ẹni gun ẹṣin, àwa á sì máa ṣubú! Ràájí fẹ́ràn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ìwé ìfẹ́. Èmi ni mo máa ń gbé àwọn ìwé ńlá tó kún fún ìrònú wá.

Súlè kórìíra tèmi. Ó ní, "Ojú ewé ọgọ́rùn-ún, ẹnikẹ́ni ò tíì gbá ẹnikẹ́ni létí! Irú ìwé wo nìyẹn?"

Gàrí la fi ń máàkì. Ìwé tàbí fíìmù tí kò dùn, gàrí gbẹrẹfu ni. Èyí tó dára díẹ̀, gàrí oníṣúgà. Èyí tó bá dùn dé góńgó ni gàrí oníṣúgà pẹ̀lú ẹ̀pà àti omi fíríìjì! Ràájí, pẹ̀lú àṣà tíṣà rẹ̀, á wá fi pẹ́ńsùlù kọ máàkì náà sí orí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé.

Níbo la ti ń rí ìwé? Ní Òkè Àrin, lọ́dọ̀ ìyá kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Onítákàdá. Ó máa ń ra ìwé ìròyìn àtijọ́, fáìlì ọ́fíìsì, àti ìwé tí àwọn òyìnbó tó ń padà sílùú wọn kò lè kó lọ. Àwọn tó ń pọ́n ẹ̀pà, iyọ̀ àti ṣúgà ló ń tà wọ́n fún. Àwọn yẹn, láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ya ewé tí wọ́n bá rà kúrò lára ìwé. Bí ìwé kan bá ṣẹ́ kù tí kò tà tán, a ó bá a níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé wa kò fi ní ìparí! Ràájí ló máa ń bá wọn parí rẹ̀. Ọmọ tó bá sọnù á padà sílé. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé á jáde. Ìyàwó tó kọ ọkọ á rí i pé òun ṣì í gbọ́.

Súlè á ní, "Ràájí, bí wọ́n bá pa ènìyàn ní ojú ewé kìíní, ìwọ á jí i kí ìwé tó tán!"

"Ṣé owó ẹ ni mo fi jí i ni?" Bí Ràájí ṣe máa ń dáhùn nìyẹn.

Ẹ wò ó, a gbádùn ayé. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìgbádùn ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Súlè wọ jálàbíà funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó ń bọ̀ láti òpin àdúgbò. Bó ṣe dé iwájú wa, Ràájí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàsán, Àlàájì." Súlè bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kí Ọlọ́run bù kún fún ọmọ òun. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí Ràájí dìde la rí ojú rẹ̀. Kò bá wa ṣeré.

Ó ti pẹ́ tó ti ń bò ó mọ́ra. Ó ní ìwé àwọn ọmọ kíláàsì òun ti ń dà bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Ilé ìwòsàn sọ fún un pé ojú òsì ti lọ, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún. Bóyá á ríran, bóyá kò ní ríran. Kó lọ múra sílẹ̀.

Ní àkókò yẹn gan-an ló ń ka ìwé kan tó rí lọ́dọ̀ Ìyá Onítákàdá. Èèpo iwájú ti já, ẹ̀yìn ti lọ, kò sí orúkọ ìwé, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní ìlú olótùútù kan ni. Orúkọ rẹ̀ gùn, ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè pè é, la bá sọ ọ́ ní Aláago. Ojú Aláago ń ṣú lọ. Kò sọ fún ẹnì kankan. Etí ló fi ń tún aago ṣe, títí àṣírí fi tú. Wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n fi báńdéèjì di ojú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà wọlé, ó ní kí wọ́n fa kọ́tìnì fèrèsé.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya á.

Ẹ lè fojú inú wò ó? Ràájí fi imú kan ìwé kó tó ka á débẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì tán!

Mo ní kó parí rẹ̀ fún wa bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní rárá. "Èyí, ohun tí ẹni tó kọ ọ́ sọ ni mo fẹ́ gbọ́. Tí mo bá fọwọ́ ara mi là á lójú, ta ni mo tàn jẹ?"

Súlè ní kó kúkú fún un ní máàkì. Ràájí ní wọn kì í máàkì iṣẹ́ tí kò parí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Súlè gba Òkè Àrin lọ. Ìyá Onítákàdá wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀yìn ìwé wo? Ṣé ẹni tó ti ra ṣúgà lọ lẹ fẹ́ kí n máa wá kiri ilé?" Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, ó jókòó. Ó ní, "Ràájí? Èyí tó máa ń kí mi kó tó kí ìwé yẹn?" Ó na ìka sí ìlà àwọn ẹlẹ́pà, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ìwé ọ̀sẹ̀ náà lọ.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀pà. A ó rà á, a ó tú u, a ó ka tákàdá rẹ̀, a ó ra òmíràn. A rí ìwé ìṣirò. A rí lẹ́tà ìfẹ́ tí ẹnì kan kọ sí Kíkẹ́. A rí èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ẹlẹ́pà ń pe ara wọn wá wòran. Ọ̀kan ní, "Ẹ wá wo àwọn alákọ̀wé, wọ́n ń ka ẹ̀pà!" Súlè dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ má bínú, tiyín ló ní gírámà jù." Ikùn Súlè ti wú, síbẹ̀ ó ń jẹ ẹ̀pà lọ.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, Súlè tú ọ̀kan. Ó nà án sí mi. "Yunifásítì, wo èyí."

Aláago ni! Orúkọ gígùn yẹn wà níbẹ̀. Òróró ẹ̀pà ti mu ewé náà débi pé iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọnú ara wọn. Mo dúró sáàárín ọjà, mo ka á. Wọ́n fa kọ́tìnì. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dókítà ń tú báńdéèjì, ó ń bá a sọ̀rọ̀ òjò tó rọ̀ mọ́jú. Mo yí ewé sí ẹ̀yìn. Báńdéèjì tán. Nísàlẹ̀ pátápátá, dókítà ní, "Ó yá, la ojú rẹ."

Ewé parí. A tú gbogbo ẹ̀pà tó kù lórí àtẹ ìyá yẹn. Kò sí ìkejì rẹ̀.

A mú un lọ fún Ràájí. Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ìyẹn nìkan ni. Mo ní ìyẹn nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ẹlẹ́pà yẹn mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti ya ìwé. Ó ká a, ó fi sí àpò. Òun àti ewé náà ni wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tú ojú rẹ̀, èmi, Súlè àti màmá rẹ̀ wà níbẹ̀. Dókítà tú u. Ó ní kó la ojú. Ràájí la ojú.

Màmá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ràájí, ta nìyí?"

Ràájí yíjú sí i, ó ní, "Ẹ̀yin ni, Màmi."

Màmá fò sókè, "Alihamudulilai! Alihamudulilai!" Ó kúnlẹ̀ fún dókítà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo dókítà. Kò rẹ́rìn-ín. Súlè gbé ọwọ́ sókè síwájú Ràájí, ó ń jù ú sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì, jẹ́ẹ́jẹ́. Ojú náà kò tẹ̀ lé e.

Ràájí ní, "Súlè, gbé ọwọ́ ẹ sílẹ̀."

Afẹ́fẹ́ ọwọ́ ló fi mọ̀. Ohùn ló fi mọ ìyá rẹ̀. Etí ni, bíi ti Aláago nídìí aago rẹ̀. Màmá ṣì ń dúpẹ́. Ta ni nínú wa ló fẹ́ sọ fún un?

A ṣì ń pàdé ní ọjọ́ Jímọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Súlè á gun bẹ́ńṣì bí ẹṣin, á rántí pé kò sí ẹni tó ń wò ó, á sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń ka ìwé sókè. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ya á, mo máa ń dúró dè é. Á ní, "Ẹ fi í síbẹ̀." Kò jí òkú kankan mọ́. Kò dá ọmọ kankan padà sílé mọ́.

Iléèwé ní kó máa lọ sinmi. Iṣẹ́ gbé Súlè lọ sí Pọ́tá, ìyẹn Port Harcourt. Ràájí kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ibà lásán ni wọ́n pè é.

Lẹ́yìn fídáù rẹ̀, wọ́n kó ẹrù àti ìwé inú yàrá rẹ̀ kúrò. Kò sí ẹni tó burú nínú wọn. Ayálégbé ń dúró de ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń gba Òkè Àrin kọjá, mo ra ẹ̀pà. Mo tú u tán kí n tó rí ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sórí tákàdá náà: gàrí oníṣúgà, ẹ̀pà díẹ̀. Ọwọ́ Ràájí ni. Mo béèrè ìyókù. Ẹni tó jókòó síbùjókòó Ìyá Onítákàdá ní àwọn ti tà á tán tipẹ́. Ìwé Aláago bá wọn lọ.

Láti ìgbà náà, kò sí ilé ìtàwé tí mo wọ̀ tí mi ò béèrè. Wọ́n á ní, "Bàbá, kí ni orúkọ ìwé náà?" Kò ní orúkọ. Ta ló kọ ọ́? Mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní irú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Kò dùn létí. A máa ń rò pé bí a bá lè mọ bí ti ẹlòmíràn ṣe parí, tiwa á rọ̀ wá lọ́rùn. Irọ́ ni. Ká ní a rí ewé tó kù, ká ní Aláago ríran dáadáa, ojú Ràájí kò ní tìtorí ìyẹn là. Mo mọ èyí. Síbẹ̀ mo ṣì ń tú ẹ̀pà wò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìwé wo tàbí fíìmù wo ni ẹ kò rí ìparí rẹ̀ títí dòní? Ẹ kọ tiyín síbí kí n kà á. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ti ka ìtàn atúnaagoṣe kan tí wọ́n tú báńdéèjì lójú rẹ̀ ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe parí fún mi. Ìwé kan ṣoṣo nìyẹn tí a kò máàkì.

Ìyá Onítákàdá ti kú. Màmá Ràájí ti kú. Àwọn ará ilé ní títí dọjọ́ ikú rẹ̀ ló ń sọ pé ọmọ òun rí òun lọ́jọ́ yẹn. Ràájí ti kú. Súlè kú sí Pọ́tá, ọmọ rẹ̀ ló fóònù mi. Àwa tó kù láyé: èmi. Àti Aláago, tí mi ò mọ̀ bóyá ó ríran.