Ẹ̀ka Dóńgóyárò Orí Afárá

Ojú mi yìí ló rí i! Ẹnì kankan ò sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi ní Takie nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, kó wò mí lójú. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ afárá tó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè bá mi jiyàn.

Àwọn ọmọ yunifásítì Under G tó ń sáré kọjá lórí afárá tuntun lónìí rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ̀ látijọ́. Rárá o! Tóóró ni ti tẹ́lẹ̀. Mọ́tò méjì ò lè pàdé lórí ẹ̀. Àwa dẹ́rẹ́bà la ṣètò ara wa. Ìhà kan á kọjá, mọ́tò tó kẹ́yìn á gbé ẹ̀ka dóńgóyárò dání, á fi lé bàbá tó jókòó ní ìkángun kejì lọ́wọ́. Bí ẹ̀ka ò bá tíì dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira. Ẹni tó bá gbé e sá lọ, ẹrù inú mọ́tò ẹ̀ ni ìtanràn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé agbọ̀n máńgòrò mẹ́jọ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ ló ni ín, ìyá aláṣọ funfun tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Iwájú ló jókòó sí. Ó ní bí ẹrù òun bá dé ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ kí oòrùn tó mú, òun á mọ̀ pé mo lè tọ́jú ọmọ òun. Ha! Èmi tí n kò lẹ́gbẹ́ lójú títì!

Èmi ni mo kẹ́yìn. Wọ́n ju ẹ̀ka sí mi lẹ́sẹ̀, mo fò bí ẹyẹ! Mò ń juwọ́ sí èrò, mò ń ròyìn ara mi fún ìyá, mo sì kọjá lára bàbá yẹn fìrì.

A ti rìn jìnnà kí ìyá tó bojú wolẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà, ewé kí lèyí lẹ́sẹ̀ ẹ?"

Mo ṣẹ́rí mọ́tò padà sí afárá. Ìhà méjèèjì ti kún bámúbámú, fèrè ń dún, kò sẹ́ni tó mira. Bàbá dìde.

"Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹ fẹ́ lọ fi se àgbo ibà ni?"

"Bàbá, ẹ dákun."

"Ẹ̀yin èrò, ṣé ebi ò pa yín ni?"

Wọ́n ya bo ẹrù! Mò ń fà á, wọ́n ń fà á. Ìyá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí wọ́n bá òun kó agbọ̀n méjì tó kù sínú mọ́tò ẹlòmíì.

"Ẹni tó gbàgbé ewé lẹ́sẹ̀ ara ẹ̀," ó ní, "ṣé ọmọ mi ni kò ní gbàgbé?"

Síbẹ̀, títí wọ́n fi kọ́ afárá tuntun, kò sí dẹ́rẹ́bà tó tún gbé ẹ̀ka sá lọ. Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn lọ́gbọ́n! Ohun tó ná mi ni agbọ̀n máńgòrò mẹ́fà, bàtà mi ẹsẹ̀ òsì, àti ìyàwó kan.