Kóòṣì Tó Ń Bèèrè Oúnjẹ

"Kí lo fi sẹ́nu?" Ìbéèrè tí kóòṣì wa, ìyá kan ládùúgbò Bajúláyé, máa ń bi àwa tó ń sáré ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Wọ́n á pín mọ́ínmọ́ín fún wa, wọ́n á ní, "Ara tó fàya lójú eré, ẹyin àti ẹ̀wà ló ń rán an."

Mo máa ń fi tèmi pamọ́, torí mo fẹ́ fúyẹ́ de ìdíje. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí à ń sáré, a ò tíì dé ibùdókọ̀ Onípánù tí ojú mi fi ṣú, mo sì ṣubú. Nígbà tí mo lajú, kóòṣì ti kúnlẹ̀ tì mí.

"Ṣé o jẹun lánàá?"

"Rárá, mà."

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n bu mọ́ínmọ́ín sí mi lẹ́nu, wọ́n tẹjú mọ́ mi títí mo fi gbé e mì. Ìgbà yẹn ni wọ́n bú sẹ́kún.