Àpótí Alápá Kan

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ọjà Ìgbògbò kọjá láàárọ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìró òòlù lára irin, yóò sì rí obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò jíǹsì, tó fi ìbòjú dúdú bojú, tí iná ń ta pàrà níwájú rẹ̀. Fúnmbí Dùnsìn nìyẹn. Irin ló ń jó jẹun.

Ìlàjẹ ni bàbá rẹ̀. Láti etíkun Òǹdó ló ti wá tẹ̀dó sí abúlé kan létí ọ̀sà, níbi tó ti ń pẹja, tó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni Fúnmbí máa ń bá wọ̀yá ìjà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ní iṣẹ́ irin lòun fẹ́ kọ́.

Bàbá rẹ̀ ní, "Iná yóò fọ́ ọ lójú."

Fúnmbí ní, "Bàbá, omi náà ń gbé ènìyàn lọ, ẹ sì ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́."

Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Láwàl ní Ìgbògbò. Ọ̀gá Láwàl kò gba obìnrin síṣẹ́ rí. Ó ní kí ó wá fún oṣù kan ná, iṣẹ́ náà yóò sú u. Oṣù kan di ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí Fúnmbí ṣe fírídọ̀mù, Ọ̀gá Láwàl fúnra rẹ̀ ló dìde sọ fún gbogbo èrò pé nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ òun, òun kò tíì rí ẹni tí ojú ìjópọ̀ irin rẹ̀ mọ́ tó báyìí. Láti ìgbà náà ni Fúnmbí ti ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé fún àwọn tó ń kọ́lé sí ẹ́sítéètì káàkiri Ìkòròdú.

Ibi iṣẹ́ géètì yìí ló ti mọ Àǹtí Tósìn Adéòjó. Òṣìṣẹ́ báńkì ni Àǹtí Tósìn, ó máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ láti lọ síbi iṣẹ́ ní àárín gbùngbùn Èkó, ṣùgbọ́n Sátidé tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Sátidé, yóò wa mọ́tò rẹ̀ gba Ìtoìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti ra ẹja tútù. Aláàánú ènìyàn ni. Bó ti ń dúró de ẹja rẹ̀, ó máa ń wo àwọn obìnrin tó ń gé ẹja fún oníbàárà, bí wọ́n ṣe tẹ̀ sórí àpótí kékeré látàárọ̀, àánú wọn a sì ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ó wá sí báfà tí Fúnmbí ti ń jó irin, ó na fóònù rẹ̀ sí i. Àwòrán àwọn obìnrin òkè òkun kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n dúró nídìí tábìlì gíga, wọ́n ń gé ẹja.

"Wo bí ẹ̀yìn wọn ṣe tọ́," ó ní. "Àwọn tiwa ní Ẹ̀pẹ́, ńṣe ni wọ́n tẹ̀ bí ìwọ̀. Ṣe mẹ́fà fún mi, Fúnmbí. Mo fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ."

Inú Fúnmbí dùn. Ó ra irin tó dára, ó jó o pọ̀ dáadáa, ó fi páànù tí kì í dógùn-ún tẹ́ ojú rẹ̀, ó sì kun ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní àwọ̀ búlúù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn dé ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, àdúrà àwọn obìnrin náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí Tósìn fi ń nu ojú. Wọ́n ya fọ́tò. Gbogbo ènìyàn lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Fúnmbí wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ìyá ṣe ń lọ wo ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ. Tábìlì àkọ́kọ́ tó rí, báàgì àti fúláàsì ló kún orí rẹ̀. Wọ́n to fóònù mẹ́rin sórí èkejì, wọ́n ń fi páwà-báǹkì gba iná sí wọn. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ti gba ìkẹta. Lábẹ́ ìkẹrin, ọmọ ọwọ́ kan sùn fọnfọn sórí ẹní, òjìji tábìlì ló ṣíji bò ó. Àwọn agéja jókòó sórí àpótí wọn bí wọ́n ṣe wà látilẹ̀. Ìpẹ́ ẹja kan ṣoṣo kò sí lórí ìkankan nínú tábìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó lọ bá Àlájà Fàlílátù, olórí àwọn agéja, ẹni tó ti ń gé ẹja níbẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún.

"Ẹ kú ọjà o, Àlájà. Àwọn tábìlì yìí, ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?"

"Ìwọ kọ́ lo bá màdáámú yẹn gbé wọn wá? Jókòó. Wọn ò bàjẹ́. Wọ́n lágbára. A dúpẹ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò lò wọ́n, mà."

"A ń lò wọ́n. Ibo lo rí báàgì mi?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Fúnmbí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Àlájà rí ojú rẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi dúró nídìí ẹ̀, nítorí ẹni tó fún wa. Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti ń gé ẹja títí di aago mẹ́rin. Ta ló lè dúró tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo sì dúró, ojú oníbàárà ni ìpẹ́ ń ta sí. Alága kan tiẹ̀ ní mo ti ba agbádá òun jẹ́. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ń káàánú yẹn, òun kọ́ ló ń dùn mí. Ọrùn ọwọ́ mi ni, àti ìbàdí ọ̀tún."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹni tó fún ọ lómi mu, ṣé wàá bi í pé kí ló dé tí kò fi yìnyín sí i? Ẹ ò sì bi wá."

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà, Fúnmbí gbé orí lé gíláàsì fèrèsé, ó ń bá ara rẹ̀ wí. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe géètì, kò gé irin kan rí láìjẹ́ pé ó ti fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ṣe tábìlì mẹ́fà fún Ẹ̀pẹ́, kò wọn ẹnì kan. Fọ́tò ló wọ̀n.

Ní Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, ó padà lọ. Kò gbé irin kankan dání, àfi ìwé ìkọ̀wé kan, bírò àti téèpù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Àlájà, ó ní òun fẹ́ jókòó tì wọ́n.

"Kí lo fẹ́ wá ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ wò ni, mà."

"Ojú lásán kì í gé ẹja," ni Àlájà wí, ó sì ti ọ̀bẹ kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Wọ́n gbé ẹja àrọ̀ kan tó tóbi bí apá fún un. Fúnmbí, ọmọ apẹja, rò pé òun mọ ẹja. Ó di ẹja náà mú lọ́rùn, ẹja náà yọ̀, ó fi ìrù gbá a létí, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì gba abẹ́ àpótí mẹ́ta lọ. Obìnrin kan tó jókòó níkangun ìlà ló mú un. Waliyah lorúkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ kó tó dá ẹja padà fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Fúnmbí lò nídìí iṣẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ya, aṣọ rẹ̀ ń rùn, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kún. Ó rí i pé oníbàárà kì í fẹ́ kí ẹja òun kúrò lójú òun, torí kí wọ́n má bàa pààrọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ dúró kí ó sì máa wo ọwọ́ agéja láti òkè. Ó rí i pé àkísà ni wọ́n fi ń di ẹja mú kó má bàa yọ̀, gbogbo agbára ìdìmú yẹn ló sì ń pa ọrùn ọwọ́ wọn. Pátákó ìgéja wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, abọ́ omi wà lẹ́yìn, nítorí náà lórí ẹja kọ̀ọ̀kan wọ́n á yí ìbàdí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó ka Àlájà ní wákàtí kan: ìgbà márùndínláàádọ́rùn-ún ló yí. Nígbà tó sọ ọ́ fún un, Àlájà fi ọwọ́ kan ìbàdí ọ̀tún rẹ̀.

"Abájọ," ló wí.

Fúnmbí padà sí Ìgbògbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣe àpótí kan tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, ó de pátákó mọ́ iwájú rẹ̀ kí ẹja lè wà níwájú ẹni tó jókòó. Ó lẹ táyà àlòkù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ó gbé e lọ, ó ní kí Àlájà jókòó sí i.

Àlájà yí i ká. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, kò jókòó.

"Báwo ni mo ṣe máa wọlé síbẹ̀?"

"Ẹ ó la ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, mà."

"Èmi, Àlájà, láàárín ọjà, kí n la ẹsẹ̀ bí ẹni tó gun ọ̀kadà?"

Fúnmbí wo ìró tí Àlájà ró. Kò ronú kan ìró rí, nítorí ṣòkòtò lòun máa ń wọ̀. Ó gbé àpótí náà padà. Ó ń wá ọgbọ́n tó máa dá nígbà tó rántí àga tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ń ṣèdánwò, èyí tí pátákó ìkọ̀wé rẹ̀ wà lápá kan ṣoṣo. Ó tú iwájú àpótí, ó gbé pátákó lọ sápá ọ̀tún, ó sì fi ìdè irú ti ìlẹ̀kùn sí i kí wọ́n lè ká a mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé. Ó wá mú irin ayùn kan tó ti kú, ó fi fáìlì irin pa ẹnu eyín rẹ̀ kó má bàa gé ènìyàn lọ́wọ́, ó sì dè é sí ìkangun pátákó. Bí wọ́n bá ti ki ìrù ẹja bọ abẹ́ rẹ̀, eyín náà á dì í mú, ọwọ́ á sì ráyè sinmi. Ó fi òrùka irin sábẹ́ pátákó láti gbé abọ́ omi dúró.

Lọ́tẹ̀ yìí, Àlájà jókòó. Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó ki ẹja epìyà kan bọ eyín ayùn, ó ha ìpẹ́ rẹ̀, ó là á, ó fọ̀ ọ́. Kò yíjú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ẹja kejì. Ó gbé ẹ̀kẹta. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe rí, ńṣe ló ń gé ẹja lọ.

Waliyah ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò wà fún èmi."

Ìgbà náà ni Fúnmbí ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé ọwọ́ òsì ni Waliyah fi ń di ọ̀bẹ mú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n jọ jókòó, kò rí i. Ìdí nìyẹn tí Waliyah fi máa ń jókòó níkangun, kí ìgúnpá rẹ̀ má bàa máa gún ẹni kejì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá a wí nítorí ọwọ́ náà, ó ti mọ́ ọn lára pé ohun gbogbo láyé, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, Fúnmbí gbé àpótí kan wá tí apá rẹ̀ wà ní òsì. Waliyah jókòó sí i, ó na ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti gé ẹja ju ẹnikẹ́ni nínú ìlà lọ. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí tiwọn máa dé.

Fúnmbí bẹ̀rù àtisọ ọ̀rọ̀ àwọn tábìlì náà fún Àǹtí Tósìn, ṣùgbọ́n ó sọ. Ojú Àǹtí Tósìn kọ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ní Sátidé, ó bá a dé ọjà, ó rí báàgì lórí tábìlì, ó rí ọmọ tó sùn lábẹ́ ìkẹrin. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí Àlájà, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹja kan. Ìdajì ìpẹ́ ló ṣẹ́kù sára ẹja yẹn nígbà tó parí, ìyókù sì wà nínú irun rẹ̀. Àlájà bá a yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ àti ìrora ìbàdí bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Àǹtí Tósìn ló san owó irin àwọn tó kù. Kò ya fọ́tò lọ́jọ́ náà.

Àwọn obìnrin náà ló sọ àpótí náà ní "alápá kan". Wọn kò fi mọ síbẹ̀: ẹnì kan rán tìmùtìmù mọ́ tirẹ̀, ẹlòmíràn so ọ̀rá tí yóò máa kó ìfun ẹja sí mọ́ ẹ̀gbẹ́, Àlájà sì ní kí wọ́n bá òun dín ẹsẹ̀ àpótí òun kù ní ìka méjì. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí i, Fúnmbí a kọ ọ́ sínú ìwé, a sì fi kún èyí tó bá tún ṣe. Àwọn agéja ọjà mìíràn ti ń ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí àwọn obìnrin tó ń fi àtẹ fẹ́ èèpo kúrò lára ìrẹsì ní Imota gbọ́, wọ́n ní kó wá bá wọn ṣe ohun tí yóò dín eruku kù. Ó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá Láwàl, tó ti darúgbó báyìí, bi í pé irú irin wo ló fẹ́ rà fún iṣẹ́ náà.

"Mi ò tíì mọ̀, Ọ̀gá," ló dáhùn. "Mo ṣì ń bá wọn fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́ ni."