Irọ́ Ọjọ́ Jímọ̀

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọdé níwèé ní Ìbàdàn, n kò sì fi ojú rere wo òpùrọ́ rí. Síbẹ̀, nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi níhìn-ín lókè òkun, ní Hillcrest Heights, ìwé olójú-ewé ogójì kan wà tó jẹ́ kìkì irọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Kùwéètì, ilẹ̀ elépo. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi rẹ̀, ọjọ́ náà ló sì máa ń pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwa àlejò la pọ̀ ju onílé lọ níbí o. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí n má fojú kan onílẹ̀ kankan àfi ọ̀gá mi."

"Ṣé ọ̀gá náà ti dá ìwé ìrìnnà rẹ padà?"

"Ó ní òun ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ni. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ràn mi!"

Nígbà tí ìyá wa kú, àwọn géńdé àdúgbò ti rìnrìn àjò tán; àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ pàápàá, abúlé mìíràn la ti háyà wọn. Àbúrò bàbá wa sọ fún wa lórí fóònù pé, "A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ta ni yóò dì í mú tó bá ṣubú? Ẹ jẹ́ kó délé ná." Gbogbo wa gbà. Nítorí pé èmi ni àgbà, èmi ni wọ́n ní kí n máa dá a lóhùn tó bá béèrè Màmá.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà ta kora, mo ra ìwé. Jímọ̀ kìíní: fóònù Màmá bọ́ sómi. Jímọ̀ kejì: wọ́n lọ sí ìpàdé àdúrà. Jímọ̀ kẹta: etí ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n dáadáa ni wọ́n wà. Mo fi rúlà fàlà sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn ikú Màmá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ mi ti fẹ́ parí. Wọ́n ní kí n tún fọwọ́ síwèé fún ọdún méjì. Mo fẹ́ ṣe balùwẹ̀ sínú ilé fún Màmá, kí wọ́n yé jáde nínú òjò. Kí ni kí n ṣe?"

Bí mo bá ní kó máa bọ̀, yóò béèrè ìdí. Ìwé mi ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Mo ní, "Fọwọ́ sí i. Inú wọn á dùn."

Ó délé lẹ́yìn ọdún méjì, tòun ti ìbora tó rà fún Màmá, ó sì bá sìmẹ́ńtì ojú oórì tó ti hu koríko létí. Láti àgbàlá ló ti pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ fún òkú."

"A ò fẹ́ kó o ṣubú ni."

"Ẹ̀ bá jẹ́ kí n ṣubú."

N kò sọ pé àṣà wa burú. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ arìnrìn-àjò tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ ọjà mélòó kan. Wọn kò mọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìwé ìrìnnà ẹni pamọ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀.

Ó ti padà síbẹ̀. Ó ṣì ń pè ní ọjọ́ Jímọ̀. Tí mo bá bi í bí ara ṣe rí, á ní, "Dáadáa ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi." Mo máa ń tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ títí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe máa ń sọ ọ́.