Ọkọ Mi Kékeré àti Ìwé Ẹṣin

Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé ọkọ ní Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ọkọ tí mo bá níbẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ mi ń ṣe iṣẹ́ igi ní Kútọnu, kì í sì í wálé déédéé. Àwọn yòókù ni gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí sínú ilé kí n tó dé. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àbúrò ọkọ mi obìnrin. N kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, nítorí náà mo ń pè é ní Ọkọ Mi Kékeré, tí mo bá sì gbé omi fún un, mo máa ń kúnlẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá, á pè mí láti ẹ̀yìn ilé, kò sì ní í ní ohun kan tí ó fẹ́ rán mi. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n rí i bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ ni.

Ní àsìkò yẹn àwọn ológun ti gbàjọba, rédíò sì ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé ayé ti yí padà. Ilé iṣẹ́ òyìnbó tí bàbá ọkọ mi ti ń ṣe akọ̀wé bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, àwọn tí ìjọba fi síbẹ̀ sì sọ fún Bàbá pé kí ó máa lọ sílé ná, àwọn yóò ránṣẹ́ pè é. Láràárọ̀ ni ó ń wọ ṣòkòtò tí ó fi ń lọ sí bùréò, ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́. Àkàrà tí ìyá ọkọ mi ń dín lójúde ni gbogbo wa gbójú lé.

Bàbá ní àbúrò obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Tántì. Aṣọ ni ó ń tà lẹ́bàá ibodè ní Kraké. Kò bímọ. Ó wá bá Bàbá pé kí wọ́n fún òun ní Ọkọ Mi Kékeré kí ó máa bá òun ru ẹrù, òun yóò máa bọ́ ọ, òun yóò sì máa dáṣọ sí i lára. Kò sọ̀rọ̀ ilé ìwé. Bàbá ní òun ti gbọ́. Nínú ilé wa, tí Bàbá bá ti ní òun gbọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọmọ náà fẹ́ dúró sílé kí ó máa lọ sí ilé ìwé rẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kí ó lọ bu omi wá.

Èmi ìyàwó tuntun, kí ni mo lè sọ? Ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ yá mi lẹ́nu láti kékeré. Níwájú Bàbá, ohùn mi kì í jáde ju kí n kí i lọ.

Ìwé náà dé ọwọ́ wa nípasẹ̀ àkàrà. Ìyá máa ń ra ìwé àlòkù láti fi dì í fún oníbàárà, ìwé sì pọ̀ lọ́jà nígbà náà, nítorí ìjọba ti gba àwọn ilé ìwé ìjọ, ohun tí ó wà nínú àpótí ìwé wọn sì ti dèrò ọjà. Iṣẹ́ mi ni láti máa ya wọ́n ní ewé kọ̀ọ̀kan. Mo ń ya ọ̀kan lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ya díẹ̀ nínú rẹ̀, ni mo bá rí àwòrán ẹṣin tí ó yọ orí láti ibùjẹ rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró. N kò lè sọ fún Ìyá pé mo fẹ́ ẹ. Ọkọ Mi Kékeré wo ojú mi, ó sì na ọwọ́.

“Ìyá, tèmi ni eléyìí.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ìyàwó mi á máa kà á fún mi.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, ọkọ ìyàwó. Àkàrà tó bá jóná nítorí ìwé, ìwọ àti ìyàwó rẹ lẹ máa jẹ ẹ́.”

Iwájú ìwé náà ti bá àkàrà lọ, a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò sì mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìtàn ẹṣin pupa kan ni, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń lọ ọkà fún ará ìlú. Ọkùnrin náà ní ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ràn ẹṣin yìí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé nílé ìwé, Faransé mi kò tó nǹkan. Tí mo bá kan ọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀, mo máa ń fi ohun tí ó wà nílẹ̀ wa dí i. Mo sọ oúnjẹ ẹṣin di ọkà bàbà. Mo sọ òtútù ilẹ̀ òyìnbó di ọyẹ́. Odò tí ó wà nínú ìwé, mo ní ó dà bí odò Àjárá.

Ọmọ náà kò rí ẹṣin rí. Wọ́n ní kòkòrò ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé.

“Ṣé ó tóbi ju màlúù lọ?”

“Ó ga jù ú lọ.”

“Ìwọ ti rí i rí?”

“Ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ará òkè ló gùn ún wá.”

“Ojú ẹ̀ ńkọ́?”

Mo ronú. “Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n ń bá wí.”

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ní ilé ìwé, wọ́n ń roko, wọ́n ń kọ orin ìjọba tuntun, tí wọ́n bá sì dé lọ́sàn-án, ẹṣin ni wọ́n ń béèrè. Mo ti ronú lọ́pọ̀ ìgbà sí ìdí tí ọmọ tí kò rí ẹṣin rí fi lè fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹranko inú àlọ́ máa ń sọ̀rọ̀, ó máa ń tan ọ̀gá rẹ̀ jẹ. Ẹṣin inú ìwé yìí kò sọ ohunkóhun. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n fa okùn, ó sì tẹ̀ lé wọn, àwa tí a ń kà á nìkan ni a mọ̀ pé ó dùn ún. Ọmọdé mọ irú ayé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan a dé ibi tí iṣẹ́ ọkà lílọ̀ ti dúró. Àwọn ọmọ ti pọ̀, mo sì ní láti gbé ohùn sókè. Mo kà á pé alọkà ní kì í ṣe pé òun kórìíra ẹṣin náà. Ó ní nígbà tí kò sí iṣẹ́ mọ́, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí àwọn yòókù lè jẹun. Ó sì tà á.

Mo gbọ́ tí àga Bàbá dún nínú ilé. Kò jẹ oúnjẹ tí mo gbé fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Ìyá pè mí sí ìdí agbada.

“Ìyàwó, kí ni Bàbá fi ṣe ọ́?”

“Kò sí, Ìyá.”

“Ta wá ni alọkà?”

“Ó wà nínú ìwé, Ìyá.”

“Ó wà nínú ìwé. Ìyàwó ilé kejì náà, adìẹ ló máa ń bú.”

Ìgbà náà ni ó tó yé mi. Ní àdúgbò wa, ìyàwó kì í bá àgbà wí lójú. Tí nǹkan bá ń dùn ún, ẹran ọ̀sìn ni á sọ ọ́ fún. Ìyàwó ilé kejì lè bá adìẹ jà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, “ìwọ adìẹ yìí, o jẹ tìrẹ tán, o tún ń wo tẹlòmíràn,” ìyálé rẹ̀ nínú yàrá á sì mọ̀ pé òun ni adìẹ. Báyìí ni gbogbo ilé ṣe gbọ́ ìtàn mi. Ọ̀rọ̀ tí alọkà sọ yìí gan-an ni Bàbá ti sọ fún Ìyá nínú yàrá wọn, èmi kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀ ti wá ẹṣin kan rí, ó ń fi bá bàbá ọkọ rẹ̀ wí lójú ọmọ àdúgbò. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Ká ní mo láyà ni, ohun tí ǹ bá sọ gan-an nìyẹn.

Ọkọ Mi Kékeré ló gbé ìwé náà lọ bá bàbá rẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó ṣí ewé, ó tún padà sí ibi tí ó ti kúrò.

“Ó wà níbí lóòótọ́,” ni ó sọ nígbà tó yá. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Ẹni tó rà á, ṣé ènìyàn dáadáa ni?”

“A ò tí ì débẹ̀, Bàbá,” ọmọ náà dá a lóhùn.

Bàbá bọ́ awò rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. “Ẹ kà á tán. Màá ní kí Tántì ní sùúrù. Kí ọmọ yìí gbọ́ ọ tán kó tó lọ.”

Mo rò pé kò sí ohun mìíràn tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó lè fún un.

Láti ọjọ́ náà ni ìwé kíkà mi ti falẹ̀. Tántì wá ní ọjọ́ ọjà Àjárá, ó padà lọ́wọ́ òfo. Ó tún wá, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà lórí àga. “Irú ìwé wo ni kì í tán? Ṣé Bíbélì ni?” Ẹṣin náà ti já okùn nígbà yẹn, ó ti ń lọ sílé, èmi sì dá a dúró sójú ọ̀nà. Mo fi odò sí ibi tí kò sí odò. Mo fi ibodè sí i, mo ní àwọn ológun béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ Mi Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó gba ìwé náà, ó fi ìka lé ewé tí mo ṣí.

“Ìyàwó, ewé yìí la wà látijọ́. Ò ń fà á.”

“Ọkọ mi, tó bá tán, wọ́n á mú ọ lọ.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀rù ò bà ọ́?”

“Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹṣin ṣì wà lójú ọ̀nà, kò sì tí ì jẹun. Kà á bó ṣe wà.”

Ọkọ mi ló pàṣẹ. Mo kà á bó ṣe wà. Ẹṣin náà délé. Wọ́n ti kun ẹnu ọ̀nà ní ọ̀dà mìíràn, ọmọbìnrin alọkà ti lọ sí ìlú ńlá, àwọn tí ó wà nílé kò sì mọ̀ ọ́n. Ìránṣẹ́ àgbà kan ló fi àpá àtijọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dá a mọ̀, ó sì bu omi fún un. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.

Ọkọ Mi Kékeré pa ìwé náà dé. “Ta ló fi ọ̀nà hàn án?”

“Kò sí ẹni tó fi hàn án.”

“Báwo ló ṣe wá mọ̀ ọ́n?”

“Wọ́n ní ó ti wo ọ̀nà náà dáadáa nígbà tí wọ́n ń mú un lọ.”

Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, a sin Ọkọ Mi Kékeré àti Tántì lọ sí ibùdókọ̀. Bàbá wọ ṣòkòtò bùréò rẹ̀. Tántì ní kí ọmọ náà wá síwájú ọkọ̀ kamiọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, níbi tí atẹ́gùn wà. Ó ní rárá. Ó gun ẹ̀yìn láàrin àwọn àpò, ó sì jókòó, ó kọ ojú sí ibi tí a ti wá. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ fún un, àwọn awakọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Bàbá ń juwọ́ sí i, ó ń juwọ́, ọmọ náà kò juwọ́ padà. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa. Ó ń wo igi máńgòrò tó wà ní ìyànà, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó tẹ̀ lé e, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń kà wọ́n.

“Ó ń bínú sí mi,” ni Bàbá wí.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ìbínú, pé ọ̀nà ló ń kọ́. Ohùn mi kò jáde.