Ibi Tí Ọrun Ti Le

Òórùn igi osùn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe káfíńtà ní àdúgbò Oloumi, nílẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù, ìyẹ̀fun igi náà pupa bí epo, a sì máa lẹ̀ mọ́ wa lára débi pé bí a bá wẹ̀ tán, aṣọ ìnura á ṣì pọ́n. Ọdún tí wọ́n gé iye owó séfà tí à ń ná sí méjì ni òórùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́dọ̀ wa. Ìwọ náà wà ní Gàbọ́ọ̀nù nígbà náà, o mọ̀ bó ṣe rí. A sùn, a jí, ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun bọ̀ ti di ọ̀wọ́n gógó, ẹni tó fẹ́ ṣe àga tuntun sì rántí pé ti àtijọ́ ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀gá wa, ọmọ Nàgó láti Kétu, ni mo ṣàánú jù. Ọsán já, ọrun dọ̀pá: ẹni tí àwọn ọlọ́lá ń tò dúró dè tẹ́lẹ̀ wá ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nítorí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ọjọ́ kan ni olùkọ́ kan, ọmọ ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù, wá bá wa láti àdúgbò Glass. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọfà títa, ṣùgbọ́n ọrun tó máa ń rà láti ilẹ̀ Faransé ti kọjá agbára rẹ̀. Ó béèrè bóyá a lè fi igi gbẹ́ ọ̀kan. Ó ní bí kò bá ṣẹ́, òun á gbé iṣẹ́ ọrun gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ náà fún wa.

Kí ọ̀gá tó dáhùn, ẹnu mi ti yá. "Ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Mo mọ̀ ọ́n ṣe." Òótọ́ ni pé ọdẹ ni. Ìyókù, irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí bàbá náà níbi tó ti ń gbẹ́ ọrun, eré ni mo sì ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá ní, "Àbúrò, pákó osùn méjì ló kù. Bí wọ́n bá bàjẹ́, màá ti ṣọ́ọ̀bù yìí, kálukú á wá ọ̀nà rẹ̀ lọ."

Iṣẹ́ káfíńtà tí mo mọ̀ ló ba pákó àkọ́kọ́ jẹ́. Ojú wa kì í rí ohun tó wọ́ kí ọwọ́ wa má tọ́ ọ. Ìlà ara pákó náà yí díẹ̀ láàárín, mo sì fi ìfági fá a títí ó fi gún bí ẹsẹ̀ tábìlì, láìmọ̀ pé mo ti gé ìlà náà já. Ó dán, ó wuyì. Mo so okùn ọsán mọ́ ọn, mo fà á dé àyà, ó ṣẹ́ sí méjì. Ọ̀gá mú ìgbálẹ̀.

N kò sọ fún ìyàwó mi. Òun náà ti ní tirẹ̀ tó. Láti ìgbà tí iṣẹ́ mi ti dẹ̀, ó ń ránṣọ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ó sì tún ń fọ aṣọ fún àwọn ará àdúgbò wa ní Venez-Voir. Ó ti bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n máa gbé àpótí irinṣẹ́ káàkiri, kí n máa tún ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ṣe fún wọn. Mo ní irú mi kọ́ ló ń tún ilẹ̀kùn ṣe. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Pákó kejì, ìlà ara rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé, ibi tó wọ́, mo jẹ́ kó wọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ọ̀gá lọ kírun, mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo so okùn mọ́ ọsán rẹ̀ kí ẹnì kan lè máa fà á sísàlẹ̀, kí èmi sì dúró lókèèrè wo bó ṣe ń tẹ̀. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ bákan náà. Èyí tó bá ń dá tẹ̀ ni yóò ṣẹ́. Ìyàwó mi ló gbé oúnjẹ dé, mo bá ní kó bá mi fà á.

Ó fà á díẹ̀. Igi náà ké.

"Apá òsì nìkan ló ń tẹ̀," ó ní. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ mú.

Mo mú àfọ́kù ìgò tí mo fi ń fá a, mo sì kọjú sí apá òsì, torí ibi tí káfíńtà bá ti rí àléébù lọwọ́ rẹ̀ ń lọ.

"Dadi, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ tún fẹ́ fá? Ẹ fá èyí tó le gan-an yẹn."

Mo dúró. Mo mọ̀ pé ọrun ló ń wò, kò fi bú mi. Ṣùgbọ́n mo rí okùn náà bó ṣe wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó, ojú sì tì mí gidigidi. Mo kọjú sí apá ọ̀tún. Mo fá díẹ̀, ó fà, a wò. Mo tún fá. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí okùn ọsán fi dé ibi tó yẹ kó dé, tí apá méjèèjì sì tẹ̀ pọ̀. Igi náà kò ké mọ́.

Olùkọ́ náà gbà á, ó sì gbé iṣẹ́ ìyókù wá. Kò pọ̀ tó bí a ṣe rò, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò ti ṣọ́ọ̀bù. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo gbé àpótí irinṣẹ́ lé èjìká. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe ní Venez-Voir ni ti ilé wa, tó ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ láti ìgbà tí a ti kó dé ibẹ̀. Ìyàwó mi ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i.

Títí di òní, bí nǹkan bá le nílé wa, ẹni tó ń tẹ̀ jù ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Lẹ́yìn náà màá lọ wá ibi tí èmi ti le, kí n fá a.